Ẹni Tí A Há Mọ́ Ilé Ìwòsàn Nítorí Owó

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe wáàsí. Ẹjọ́ ni. Mo fẹ́ rò ó fún yín, kí ẹ sì bá mi dá a.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán, mo dìde ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa, mo ní kí àwọn ènìyàn má tíì lọ. Owó ni mo fẹ́ tọrọ. Ìyá ọmọ kan tí ń kéwú lọ́dọ̀ mi bímọ pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ. Ara rẹ̀ ti yá, ojú egbò ti jiná, dókítà ti kọ̀wé pé kí ó máa lọ sílé, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kò jẹ́ kí ó lọ nítorí pé owó kò pé. Ọjọ́ kọkàndínlógún rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ti gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí aláìsàn mìíràn lè rí ibi sùn, orí ẹní ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọlọ́dẹ ẹnu géètì sì ti mọ ojú rẹ̀ dáadáa kí ó má baà yọ́ jáde. Ibẹ̀ náà ni a ti sọ ọmọ lórúkọ. Èmi ni mo ṣe é. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ tí mo ń pe ìrun sí ọmọ tuntun létí, ẹni tí ń nu ilẹ̀ ní kí n jọ̀ọ́, kí n sún ẹsẹ̀.

Ojú ń tì mí láti tọrọ, nítorí kò tíì ju oṣù méjì lọ tí a ṣe irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣe dáadáa. Ẹni tí ó mú igba náírà wá ń bẹ, ẹni tí ó mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wá ń bẹ, ìyá arúgbó tí ń ta orógbó lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí tú kókó etí ìró rẹ̀ fún wa. Ní ọjọ́ Ajé mo kó owó náà lọ. Ọmọbìnrin tí ń gbowó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi òǹtẹ̀ lu ìwé, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ààfáà. Ẹ lè máa mú wọn lọ." Bí a ti ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin mìíràn tí ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ààfáà, èmi náà ń bẹ níbí o. Ìgbà wo ni ti èmi?"

N kò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá èsì kiri, ohun tí mo sì rí ni mo ń kọ síbí yìí: owó ìràpadà ni a ń san, a kàn ń pè é ní sàárà. Bí a bá ra ẹnì kan padà lónìí, ẹní tí ó sùn lé kò ní tíì tutù tí ẹlòmíràn yóò fi wà lórí rẹ̀. Ilé ń jò, à ń fi igbá gbọ́n omi dànù, ẹnikẹ́ni kò sì gun òrùlé. Òrùlé tí mo ń wí ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ wa kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí a lọ, kí a mú ìwé lọ́wọ́, kí a má sì dákẹ́ lílọ títí wọn yóò fi ṣe òfin pé ilé ìwòsàn kankan, ìbáà ṣe ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kò gbọdọ̀ fi ara ènìyàn ṣe ìdógò owó, àti pé owó yóò wà nílẹ̀ lábẹ́ òfin fún ìtọ́jú ẹni tí kò ní.

Àwọn baba wa mọ gbèsè, wọ́n sì mọ bí a ti ń gbà á. Ẹni tí a jẹ lówó a máa rán ológò lọ sí ilé onígbèsè, kí ó lọ jókòó tì í, kí ó máa pa adìyẹ rẹ̀ jẹ, kí ó máa bú u títí yóò fi san án. Ẹni tí ó bá yá owó a máa fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwà tí kò dára ni, òfin sì ti pa ìwọ̀fà rẹ́ kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Síbẹ̀, iṣẹ́ ni ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, ó sì lè padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Obìnrin tí mo rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kò ṣiṣẹ́, kò padà sílé, gbèsè rẹ̀ sì ń ga sí i, nítorí pé wọ́n ń ka owó bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti gbà kúrò lábẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn lójoojúmọ́. Láyé àtijọ́ ológò ni ó ń lọ jókòó nílé onígbèsè. Láyé ọ̀làjú, onígbèsè ni ó ń jókòó nílé olówó. Àti òkú pàápàá! Mo ti tẹ̀lé àwọn ènìyàn lọ bẹ̀bẹ̀ fún òkú tí wọ́n tì mọ́ yàrá nítorí owó, tí a kò fi lè sin ín kíákíá bí ẹ̀sìn wa ti pa á láṣẹ.

Ṣé òfin ilẹ̀ wa fàyè gba èyí? Mo mú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999, mo fi sùúrù kà á bí mo ti ń ka tírà. Abala 35 ni ó sọ̀rọ̀ nípa òmìnira ara ènìyàn. Ó ka àwọn ìdí tí a fi lè gba òmìnira náà lọ́wọ́ ẹni: ìdájọ́ ilé ẹjọ́, ìfura pé ènìyàn dá ọ̀ràn, ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú ọmọdé, àrùn tí ń ràn, àìsàn ọpọlọ àti irú wọn bẹ́ẹ̀. Mo wá gbèsè ilé ìwòsàn títí, n kò bá a níbẹ̀. Ẹni tí ó há obìnrin yẹn mọ́lé ń fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, kò sí tàbí-ṣùgbọ́n. Abala 46 sì wí pé ẹni tí a bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù lè gba ilé ẹjọ́ gíga lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó tí yóò fi kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, owó wo ni yóò fi gba lọ́yà? Ní ilẹ̀ Kenya, àwọn obìnrin méjì tí wọ́n há mọ́ ilé ìbímọ ìjọba kan ní Nairobi ní 2010 gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ gíga, ilé ẹjọ́ sì dá wọn láre. Ọdún 2015 ni ìdájọ́ náà jáde. Ọmọ tí wọ́n há mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ á ti wọ ilé ìwé kí ìyá rẹ̀ tó gbọ́ pé òun jàre.

Ní ti ìlera fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún burú ju ìyẹn lọ. Abala 17 nínú ìwé òfin kan náà wí pé kí ìjọba rí i pé ètò ìwòsàn tí ó péye wà fún gbogbo ènìyàn. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Abala 6 ti kọ́kọ́ wí pé ilé ẹjọ́ kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ lórí apá tí abala 17 wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nawọ́ oúnjẹ sí wa, ọwọ́ òsì ti di abọ́ mú. Ẹni tí ó lè tú ọwọ́ òsì náà ni aṣòfin, nítorí pé bí ìlérí bá ti di òfin ìpínlẹ̀, adájọ́ lè fi ṣe ìdájọ́. Abala 4 ni ó fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti ṣe òfin fún àlàáfíà àti ìṣàkóso rere ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ìlera wà lára ohun tí wọ́n lè ṣòfin lé lórí. Kì í ṣe Abuja nìkan ni a ti ń ṣe é.

Àwọn kan yóò sọ pé Abuja ti ṣe òfin tó pọ̀. Òótọ́ ni. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè jáde ní 2014. Abala 20 rẹ̀ wí pé òṣìṣẹ́ ìlera kan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, ohun yòówù kí ìdí rẹ̀ jẹ́, àti pé ẹni tí ó bá kọ̀ yóò san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó gba méjèèjì. Ní 2017 òfin mìíràn tún jáde pé kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bá bà láìdúró de ìwé ọlọ́pàá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó ti gbé ẹni tí ọkọ̀ gbá lọ sí ilé ìwòsàn lóru: kí ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ fún un? "Ẹ lọ san owó káàdì." Òfin 2014 kan náà wí pé kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, kí ìdajì rẹ̀ sì lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ adójútòfò ìlera fún ìtọ́jú àwọn ará ìlú. Ìgbà wo ni owó náà kọ́kọ́ wọ ìwé ìṣúná? 2018. Ọdún mẹ́rin gbáko ni òfin fi dùbúlẹ̀ sórí tábìlì tí kò rí owó. Àwọn oníròyìn, àwọn dókítà àti àwọn ẹgbẹ́ aráàlú ni wọ́n ń pariwo títí ó fi bọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni mo ń lọ: òfin tí kò ní ẹni tí ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ìwé lásán ni.

Ẹ̀yin tí ọjọ́ orí yín bá tó tèmi yóò rántí ìgbà ẹgbẹ́ UPN. Láti 1979 ni Bọ́lá Ìgè ti jẹ́ gómìnà ní Ọ̀yọ́, tí Làtéèfù Jákàǹdè jẹ́ ti Èkó, ìwòsàn ọ̀fẹ́ sì wà nínú ohun mẹ́rin tí ẹgbẹ́ wọn ṣe ìlérí rẹ̀. Ní 1981, mo já bọ́ láti orí igi máńgòrò, apá mi kán. Wọ́n tò ó fún mi ní ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n fún mi ní oògùn, bàbá mi tí í ṣe àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Ẹ̀bùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn 1983, àwọn ológun gba ìjọba, kò sì pẹ́ tí owó ìwòsàn fi padà. Kò sí ẹni tí ó lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ohun tí ẹnu gómìnà fi fún wa ni ẹnu ológun fi gbà. Títí di òní, bí ìbò bá ń bọ̀, olùdíje a ní òun yóò ṣe ìwòsàn ọ̀fẹ́, yóò kó dókítà wá sí gbàgede fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn yóò pín gíláàsì ojú àti oògùn ibà, wọn yóò ya fọ́tò, wọn yóò lọ. Obìnrin tí yóò rọbí ní oṣù tí ń bọ̀ ńkọ́?

Èmi tí mo ń kọ́ni ní kéwú, ohun tí ó máa ń wá sí mi lọ́kàn níbí yìí ni ilé ìwòsàn tí Súlútáànù Qalawun kọ́ sí ìlú Cairo ní nǹkan bí 1284. Tálákà àti olówó ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, wọn kì í sì í gba owó. Àwọn oníwáàsí wa fẹ́ràn láti máa fi irú ìtàn yìí yangàn. Ohun tí wọn kì í sọ ni ìwé wákàfù rẹ̀. Qalawun kò wí pé kí aláìsàn máa wá bẹ òun. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, níwájú ẹlẹ́rìí, pé owó tí ń wọlé láti orí àwọn ohun ìní báyìí báyìí, ti ilé ìwòsàn ni. Ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó kú ní 1290, ilé ìwòsàn náà kò kú, ó sì ń tọ́jú aláìsàn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Sàárà ti ọjọ́ Jímọ̀ wa dára, Ọlọ́hun yóò san ẹ̀san rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ni ó gba àwọn ará Cairo.

Mo wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tí ó ń dun àwa kan jù lọ. Ní 2022, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí adójútòfò ìlera. Òfin yìí sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ènìyàn wọ inú ètò náà, ó sì ní kí owó wà lọ́tọ̀ fún àwọn aláìní tí kò lè san tiwọn. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní àjọ tiwọn. Ilé Aṣòfin Èkó ti ṣe òfin tiwọn láti 2015. Ṣé a nílò rẹ̀? Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ láti 15 sí 49, àwọn bí mẹ́ta péré ni wọ́n ní adójútòfò ìlera kankan. Ìwádìí náà tún fi hàn pé nínú 100,000 ìbímọ, bí obìnrin 512 ni ó ń kú sí ọ̀rọ̀ oyún àti ìbímọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé àárín àwọn ààfáà kan, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó gbọ́ ni pé haráámù ni adójútòfò, tẹ́tẹ́ ni, kí Mùsùlùmí má sún mọ́ ọn.

Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò ní dákẹ́. Ìmọ̀ ní apá méjì, ẹni tí ó gbé apá kan ṣoṣo wá sójú agbo kò tíì kọ́ ènìyàn. Ní December 1985, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí dá sílẹ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ní Jeddah. Wọ́n ní adójútòfò ti àwọn oníṣòwò tí ń fi í wá èrè kò tọ́ nítorí àìdánilójú tí ó wà nínú rẹ̀. Apá yìí ni àwọn ènìyàn wa mọ̀. Nínú ìpinnu kan náà ni wọ́n ti sọ pé èyí tí ó tọ́ láti fi rọ́pò rẹ̀ ni èyí tí àwọn ènìyàn jọ dá láti ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Bùkárì àti Músílímù, ṣé ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ àwọn ará Ash'ar ni? Bí oúnjẹ wọn bá fẹ́ tán lójú ogun, tàbí tí ó bá dínkù nílé, wọn a kó ohun tí olúkúlùkù ní jọ sínú aṣọ kan, wọn a sì pín in ní ọgbọọgba. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, yìn wọ́n, ó sì ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Aṣọ kan tí gbogbo ènìyàn jọ kó nǹkan sí, tí ẹni tí ebi ń pa ti ń jẹ nínú rẹ̀: kí ni àpò ìlera ìpínlẹ̀ bí kì í bá ṣe èyí?

Bí ẹnì kan bá wá sọ pé wọ́n lè kó owó àpò náà lọ sí báńkì tí ń gba èlé, ìbéèrè gidi nìyẹn, mo sì gbà á. Láti 2012 ni báńkì tí kì í gba èlé ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. A lè ní kí òfin ìpínlẹ̀ fi àyè sílẹ̀ pé kí owó àwọn tí wọ́n bá béèrè bẹ́ẹ̀ máa lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni a ti fẹ́ béèrè rẹ̀? Ilé aṣòfin náà ni. Ẹni tí ó jókòó sílé tí ó ń pe ìyàn ní haráámù kò ní bá wọn dá sí bí a ó ti gún un. (Mo mọ ààfáà kan tí ó ti ṣe wáàsí gidigidi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá a wó, káàdì adójútòfò ìyàwó rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Inú mi dùn pé ó yè. N kò sì tíì gbọ́ wáàsí náà mọ́.)

Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ní ilé ìwòsàn náà ní láti jẹun ni ó ṣòroó dáhùn jù fún mi, nítorí òdodo wà nínú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó sọ fún mi pé ní ibi iṣẹ́ tí òun ti kúrò, bí aláìsàn bá sá lọ láìsanwó, nínú owó oṣù àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òru ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹ ò rí i pé àwọn tí a rò pé wọ́n ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n, ẹlẹ́wọ̀n ni àwọn náà! Ó ti wà ní ìlú òyìnbó báyìí, bí ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá lọ sí ilé aṣòfin, a kò gbọdọ̀ lọ bí ọ̀tá ilé ìwòsàn. Bí òfin bá kàn wí pé ẹ má há ènìyàn mọ́lé, tí kò wí ibi tí owó yóò ti wá, àwọn ilé ìwòsàn yóò máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ tálákà láti ìta ni, ìyẹn sì burú ju kí wọ́n tì í mọ́ inú lọ. Apá méjèèjì gbọdọ̀ wà nínú àbádòfin kan ṣoṣo: kí ara di òmìnira, kí àpò ìpínlẹ̀ san gbèsè aláìní fún ilé ìwòsàn láàárín ọjọ́ tí a dá, kí ilé ìwòsàn sì gba ilé ẹjọ́ lọ bí ó bá ní gbèsè lọ́wọ́ ẹni tí ó lówó tí kò fẹ́ san. Kí wọ́n má sì yọ kọ́bọ̀ lára owó oṣù nọ́ọ̀sì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n bá àwa fúnra wa wí. Ní ọjọ́ 17 June 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá àwọn ọmọbìnrin wa láre lórí híjáàbù ní àwọn ilé ìwé ìjọba ní Èkó. Ní 2014 ilé ẹjọ́ gíga ti dá wọn lẹ́bi, ní 2016 ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn láre, àwọn ènìyàn wa kò sì simi títí ó fi dópin. Ọmọbìnrin tèmi náà ń lo híjáàbù, mo yọ̀ ní ọjọ́ náà, mo sì ṣàdúà fún gbogbo ẹni tí ó ṣe wàhálà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, a mọ ọ̀nà. A mọ bí a ti ń dá owó lọ́yà, a mọ bí a ti ń kọ̀wé, a mọ bí a ti ń kún inú kóòtù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá kan ara tí ó wà lábẹ́ híjáàbù náà, ìyẹn ara tí ń rọbí, tí ń ṣàn ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń há mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ní ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wa?

Mo ti lọ jókòó rí ní ìpàdé kan tí àwọn aṣòfin pè láti gbọ́ èrò ará ìlú lórí ọ̀rọ̀ ìlera. Àwọn aláàbọ̀ ara ni wọ́n wà ní iwájú, àwọn kan lórí kẹ̀kẹ́, àwọn kan pẹ̀lú ẹni tí ń fi ọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn. Wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì mọ abala tí ó wà. Àwọn ìyálọ́jà wà níbẹ̀. Ìjọ mélòó kan rán ènìyàn wá. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kankan kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n dárúkọ ẹgbẹ́ tí mo ṣojú fún, mo ní ara mi ni mo ṣojú fún, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Àwọn aláàbọ̀ ara yẹn ni kí a lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ní Èkó, òfin tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn jáde ní 2011. Ti Abuja kò rí ìfọwọ́sí ààrẹ títí di January 2019. Ìpínlẹ̀ ni ó ṣáájú. Ní Òǹdó pẹ̀lú, ilé aṣòfin ṣe òfin ní 2010 pé gbogbo ikú aláboyún ni kí wọ́n máa kọ sílẹ̀ kí wọ́n sì wádìí ohun tí ó fà á, nígbà tí ètò Abíyè ṣì jẹ́ tuntun níbẹ̀. Ẹ kò rí i pé ohun tí mo ń wí kì í ṣe àlá?

Àwọn tí ó ní òṣèlú ni, pé kí ààfáà jìnnà sí i, mo fẹ́ kí wọ́n bá mi ka iye orí. Aṣòfin 40 ni ó wà ní Èkó, 32 ní Ọ̀yọ́, 26 ní Ògùn, 26 ní Ọ̀ṣun, 26 ní Òǹdó, 26 ní Èkìtì, 24 ní Kwara. Níbi tí wọ́n bá ti jẹ́ 26, bí gbogbo wọn bá tilẹ̀ pé jókòó, ènìyàn 14 ni ó tó láti gba àbádòfin wọlé. Gómìnà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀. Ènìyàn 14! Ẹgbẹ́ àwọn ìyá nìkan ní mọ́sáláṣí wa ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́fà ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn aṣòfin wọ̀nyí kò sì jìnnà. Wọ́n ń wá sí ìsọmọlórúkọ wa, wọ́n ń wá sí wòlímọ̀ àwọn ọmọ ilé-kéwú, wọ́n ń jókòó lórí àga iwájú, a ń ṣàdúà fún wọn, wọ́n ń fún wa ní àpò-ìwé, a ń kí wọn. A kò bi wọ́n ní nǹkan kan rí. Ní ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí ọnọ́rébù bá wá sí wòlímọ̀ ní ilé-kéwú mi, kí n tó ṣe àdúà fún un, n ó bi í lójú gbogbo ènìyàn pé èló ni ìpínlẹ̀ kọ sílẹ̀ fún àpò ìlera àwọn aláìní nínú ìwé ìṣúná, èló ni wọ́n sì ti san jáde nínú rẹ̀. Mo rọ gbogbo ààfáà ẹgbẹ́ mi pé kí àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ yín bá ti ní òfin adójútòfò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òfin tàn yín. Iye owó ni kí ẹ béèrè. Ní April 2001, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà jókòó ní Abuja tiwa níbí, wọ́n ní àwọn yóò máa ná ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná wọn sórí ìlera. Ẹ mú ìwé ìṣúná ìpínlẹ̀ yín, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín.

A kò sì gbọdọ̀ dá lọ. Kristẹni ni méjì nínú àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ilé ìwòsàn kò béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ wọn kí ó tó há wọn. Mo ti bá olùṣọ́-àgùntàn ìjọ kan ní àdúgbò wa sọ̀rọ̀, ó ní àwọn náà ń dá irú owó yìí ní ọjọ́ Ìsinmi, pé ó ti sú òun. Ó ti ṣèlérí pé àwọn yóò fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú wa.

Obìnrin tí ó bi mí pé ìgbà wo ni ti òun, a padà lọ san owó tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó sì ti wà nílé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. N kò mọ ẹni tí ó wà lórí ẹní náà báyìí.

Ìwé àbá tí mo kọ jẹ́ ojú ewé mẹ́rin. Lọ́yà kan nínú ẹgbẹ́ wa ti bá mi tún un ṣe, kò sì gba owó. Mo ti fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lè mú tirẹ̀, kí wọ́n yí orúkọ ìpínlẹ̀ padà bí ó ti yẹ. Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ yín ni àmì ọwọ́, nọ́ńbà wọ́ọ̀dù tí ẹ ti ń dìbò, àti ènìyàn márùn-ún láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí yóò lè fi ọjọ́ iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti lọ jókòó ní ilé aṣòfin. Kí ó kéré tán méjì nínú àwọn márùn-ún jẹ́ obìnrin tí ó ti bímọ rí.